Ìkúnlẹ̀ Tó Ṣáájú Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ alárinà dùn, kó wá wo ẹsẹ̀ mi. Láti Ìlódè ní Ifẹ̀ dé Mọdákẹ́kẹ́ kò jìnnà rárá; bí wọ́n bá tutọ́ sílẹ̀ rán ọmọdé lọ, yóò ti dé kí itọ́ tó gbẹ. Ọ̀nà kékeré yẹn ni èmi Àyọ̀kẹ́ rìn títí ó fi sú mi, nítorí àwọn méjì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ra àwọn: Fọláyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àti Lágúnjú, ọmọ agboolé tó múlé ti ilé bàbá mi. Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Ìlódè ni mo lọ́kọ sí. Nítorí náà gbogbo ènìyàn gbà pé èmi ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ.

Inú sinimá ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú un. Adéagbo, ọmọ Ifẹ̀ kan tó ń ra kòkó, ni òwò kòkó sú. Nígbà tí òyìnbó kan ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, Adéagbo ra ẹ̀rọ sinimá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó tún ra kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n ń yí bí aago kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó gba Lágúnjú tó ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò n'Íbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n á fi ẹ̀fọn tó ń fa ibà han àwọn ará abúlé, wọ́n á wá fi òyìnbó tó ń gun ẹṣin lé e kí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn lè lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Aṣọ funfun yẹn ló gbé Lágúnjú dé ọ̀dọ̀ wa, lọ́dún 1952. Fọláyọ̀ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbé ìdì aṣọ wọlé, ìdì ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi so gbogbo èyí pọ̀ di ẹyọ kan."

Fọláyọ̀ wo aṣọ, ó wo ẹni tó gbé e. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú nílé yín?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Aṣọ funfun tó pọ̀ tó báyìí? Àfi bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wọ ògiri láṣọ."

"Ògiri náà ni," ni Lágúnjú wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń ṣàlàyé sinimá títí mo fi ṣa ẹ̀wà mi tán. Nígbà tó lọ, Fọláyọ̀ ń ran ojú ibì kan náà léraléra, ó ní òwú ló ń já.

"Eyínmẹ́nugún," ni mo wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é; ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. "Eyínmẹ́nugún, òwú kọ́ ló ń já o."

"Ìyá Mojíre, ẹ ṣa ẹ̀wà yín."

"Mo ti ṣà á tán. Ìwọ ló kù."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Adéagbo ní ó tó gẹ́ẹ́, fíìmù onífíìmù ti sú òun. Wọ́n ó máa ya tiwọn: ọjà, oko kòkó, ọjọ́ ọdún, àwọn ènìyàn wa bí wọ́n ti ń rìn. Ó ti fún ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ, ó pè é ní Káàbọ̀ Fíìmù. Àmì ló kù. Ó ti kíyè sí i pé kí fíìmù òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀, àmì ẹni tó ṣe é á kọ́kọ́ jáde, òmíràn ẹranko, òmíràn ẹyẹ.

"Ṣé ẹranko la fi ń pàdé àlejò nílẹ̀ yìí ni?" ni Adéagbo ń bi Lágúnjú. "Obìnrin ní í jáde, á kúnlẹ̀, á gbé obì kalẹ̀. Àmì tiwa nìyẹn. Wá obìnrin tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ fún mi."

Lágúnjú kò wá a jìnnà. Ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìlódè jẹ́ èyí tí agbẹ́gilére gbẹ́ tinútinú, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Bàbá Fákúnlé, tí í ṣe bàbá Fọláyọ̀, wà lóko lọ́hùn-ún, ìgbà ìkórè kòkó ni. Èmi ni mo lọ bu obì wá láti inú ilé. Kò sí ohun burúkú kan lọ́kàn wa. Fọláyọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó jáde pẹ̀lú àwo obì lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Wo inú gíláàsì yìí," ni Lágúnjú ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà.

Kò wo gíláàsì kankan. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ló wò, ó sì rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tí obìnrin í rín sí ẹni tó fẹ́ máa bá jẹun títí ọjọ́ ayé. Mo rí i. Ẹnu mi ni mo pa mọ́, nítorí inú mi dùn sí i. Wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ KÁÀBỌ̀ FÍÌMÙ sábẹ́ orúnkún rẹ̀, àmì di àmì.

Ẹnúwá ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han ìlú. Èrò kún gbogbo ojúde níwájú ààfin. Bàbá Fákúnlé ti ti oko dé, wọ́n dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dé fìlà tuntun. Iná tàn sára aṣọ. Ilẹ̀kùn wa yọ.

"Ilé Fákúnlé rèé!" ni àwọn ènìyàn ń kígbe.

Ilẹ̀kùn ṣí. Fọláyọ̀ jáde, ó ga ju igi lọ lórí aṣọ náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé obì, ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn mi pa òṣé. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìdána Fọláyọ̀ tí wọn ò fi pè wá?"

Ohun tí àwa mẹ́ta kò rò ní ọjọ́ tí a ń yà á, obìnrin yẹn rò ó kí ilẹ̀kùn tó padà sé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti í ṣe é. Ẹbí ọkọ á wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ títí. Ìgbà tí ìyẹn bá tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn ni ọmọ á tó jáde wá kúnlẹ̀. Àwa ti mú ọmọ jáde kúnlẹ̀ lójú gbogbo Ifẹ̀, kò sì sí àyà ọkùnrin kankan tó tíì kan ilẹ̀.

Bàbá kò pariwo nígbà tí a délé. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Ẹnu ọ̀nà mi ni," ni wọ́n wí. "Obì inú ilé mi ni. Ọmọ mi ni. Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ fún wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni kò sí."

"Bàbá, àwọn èrò ìwòran ni mo kúnlẹ̀ fún," ni Fọláyọ̀ wí.

"Fọláyọ̀, èmi náà ti fẹ́yàwó rí."

Láti ọjọ́ náà, ilé Fáníyì tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí wa nítorí ọmọkùnrin wọn kò ránṣẹ́ mọ́.

Lágúnjú wá bá mi nílé bàbá mi ní Mọdákẹ́kẹ́, ó rù díẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ ẹ. Mo ti fẹ́ ẹ kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Bí wọ́n bá ní kí n gé àmì náà sọnù, màá gé e, bí Ọ̀gá Adéagbo bá fẹ́ kó lé mi."

Mo jíṣẹ́ fún Bàbá lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi kún un pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ ni, èmi náà kò kúkú já láti ọ̀run.

"Ta ló dárúkọ Mọdákẹ́kẹ́?" ni Bàbá wí. "Ìwọ Ìyàwó, nígbà tí àbúrò mi fẹ́ fẹ́ ọ, èmi wà lára àwọn tó lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. A dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ nínú ẹrẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ ni wá, ẹrẹ̀ Mọdákẹ́kẹ́ sì kan imú mi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ní kí o jáde sí wa. Ṣé n kò dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

"Kó má gé ohunkóhun. Wọ́n ti rí i. Ṣé yóò gé e kúrò lójú wọn ni? Kó wá dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yìí, kí kámẹ́rà yà á, kó so ó mọ́ iwájú ti ọmọ mi. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ìkúnlẹ̀ hàn, kí ìdọ̀bálẹ̀ ti ṣáájú. Ohun tí gbogbo ayé rí, gbogbo ayé ni yóò rí àtúnṣe rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, Fọláyọ̀ kò ní kúrò nílé yìí."

Mo rò pé ó ti tán. Kí ni ìdọ̀bálẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin wa ń dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ láti tọrọ owó gààrí. Inú dídùn ni mo fi lọ bá ìyá Lágúnjú, Ìyá Ràbíátù, opó tó jẹ́ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo yìí ló ní.

Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà lọ lọ́wọ́.

"Kí Lágúnjú dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, n kò kọ̀," ni wọ́n wí. "Nínú ilé, bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kó dìde. Èyí tí ẹ fẹ́ fi sínú sinimá ńkọ́? N'Íléṣà, l'Óǹdó, níbi tí wọn ò ti mọ ìdí rẹ̀, ilẹ̀ ni wọn ó máa bá ọmọ mi. Wọn ò ní sọ pé ìyàwó ló ń tọrọ. Wọ́n á ní ará Mọdákẹ́kẹ́ kan ló ń bẹ Ifẹ̀. Àyọ̀kẹ́, bí bàbá rẹ̀ bá wà láyé, ṣé o ó lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé yìí?"

Kí n má purọ́, n kò ní lè gbé e wọlé.

Lágúnjú kò lè ta ko ìyá rẹ̀, Fọláyọ̀ kò lè ta ko bàbá rẹ̀. Adéagbo ní tirẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àmì òun bí kò bá ti fẹ́ tún un ṣe. Èmi ń lọ, èmi ń bọ̀. Bí mo bá dé Ìlódè, wọ́n á ní, "Kí ni wọ́n wí?" Bí mo bá dé Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n á ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Ọdún ń gorí ọdún.

Ẹ wá wo ayé bí ó ti rí: bí ọ̀ràn wọn ti ń dì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Káàbọ̀ Fíìmù ń gbòòrò. Adéagbo ra ọkọ̀ kejì. Ní Iléṣà, àwọn ọmọge ń wé gèlè bí obìnrin orí aṣọ. Àwọn ọmọdé á ti máa kígbe "Káàbọ̀!" kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán aṣọ ìyàwó fún àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí Lágúnjú bá wà nílé, á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lẹ́yìn ìrun, á ní òun wá ra òwú. Ọkùnrin tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ! Bàbá ń rí i láti inú yàrá, wọn kò lé e. Mo máa ń jókòó sáàárín wọn kí ẹnu aráyé má baà gbà wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ju bí ọ̀nà Oǹdó ti bàjẹ́ tó, tàbí pé ilé kan jó l'Ákùúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde láti lọ, ojú Fọláyọ̀ á sìn ín títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1957, ní ọ̀kan nínú ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Fọláyọ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Lágúnjú, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìlú tí n kò dé rí, mo ti kúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí n kò mọ̀, mo ti gbé obì fún wọn. Ilé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kúnlẹ̀ sí, n kò tíì fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wọn. Obìnrin orí aṣọ yẹn kò dàgbà. Èmi ń dàgbà."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ni tèmi náà. N kò bá ọ jà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí o bá tún fẹ́ ra òwú, wọ́n ń tà á l'Ẹ́núwá."

Lágúnjú dìde. Nígbà tó lọ, Fọláyọ̀ gbórí lé aṣọ ìyàwó ọmọ ọlọ́mọ, ó sunkún sí i. Mo gbá a mọ́ra. Nínú ọkàn mi, mo ń rò ó pé bóyá èmi ni mo pa wọ́n lára. Bí mo bá ti sọ fún wọn lọ́dún àkọ́kọ́ pé kí oníkálukú máa lọ, Fọláyọ̀ ì bá ti bímọ báyìí. Sùúrù ni baba ìwà, bẹ́ẹ̀ la ń sọ, ṣùgbọ́n sùúrù náà máa ń jẹ èwe èèyàn.

Mo lọ sí Mọdákẹ́kẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e láti sọ fún Ìyá Ràbíátù pé ọkàn wọn lè balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo bá wọn ní ìjókòó, wọn kò fa tẹ̀sùbáà, wọ́n kàn dì í mú.

"Àyọ̀kẹ́, mo lọ wo sinimá."

Ó yà mí lẹ́nu. Ìyá yìí ti búra pé àwọn ò ní wo ohun tó ń gbé ọmọ àwọn káàkiri.

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àwọn alálàájì hàn wá ní Mẹ́kà," ni wọ́n wí. "Torí Káábà ni mo ṣe lọ. Kí Káábà tó jáde, ọmọ yẹn jáde. Níwájú ni mo jókòó. Èmi gan-an ló kúnlẹ̀ fún. Mo la ẹnu láti súre fún un, mo ní, 'Ọlọ́run yóò…', ó ti pòórá. N kò mọ ohun tí wọ́n fi hàn ní Mẹ́kà mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ, mo ní màá yára sọ ọ́. Ó tún pòórá mọ́ mi lẹ́nu."

Mo jókòó tì wọ́n.

"Ọmọ kúnlẹ̀ fún àgbà, àgbà ò lè ní kó dìde. Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọdún wọ̀nyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò sí ẹni tó dá a lóhùn?"

"Kò sí."

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Mo ń sọ pé kí wọ́n má fi tèmi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ sọ fún Fákúnlé pé à ń bọ̀. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn wá."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni a ṣe é. Bàbá Fákúnlé jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ òfì. Ewú ti kún orí wọn ju ìgbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ìyá Ràbíátù dúró tì mí lábẹ́ igi ọ̀pẹ̀kẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Adéagbo fẹ́ gbé kámẹ́rà, Fọláyọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni màá yà á," ló wí. "Ó yà mí nígbà tèmi."

Adéagbo fi bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ hàn án. Lágúnjú fi kọ́kọ́rọ́ yí i fún un títí kò fi lè yí mọ́, ó bọ́ fìlà, ó rìn lọ síwájú àga Bàbá. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lágúnjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀.



Kámẹ́rà ń kùn. Lágúnjú wà nílẹ̀. Bàbá ń wò ó, wọn kò ní kó dìde. Mo ní, ṣé ẹ̀san ni bàbá yìí wá ń gbà ni? Ṣé gbogbo ìrìn mi nítorí kí wọ́n lè dójú ti ọmọ ọlọ́mọ ni? Ìyá Ràbíátù gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo di ọwọ́ wọn mú. Fọláyọ̀ kò gbé ojú kúrò lẹ́nu kámẹ́rà, ṣùgbọ́n omi ń ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀.

Kámẹ́rà kùn títí, agbára rẹ̀ tán, ó dákẹ́.

"Ó ti parí?" ni Bàbá bèèrè.

"Ó ti parí, Bàbá."

"Kò lè rí wa mọ́?"

"Kò lè rí wa mọ́."

Bàbá Fákúnlé fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wọn dìde lórí àga. Orúnkún ń dùn wọ́n láti ìgbà òjò, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi tó ẹ̀yìn Lágúnjú, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

"Èyí tó jẹ́ ti aráyé, wọ́n ti gbà á," ni wọ́n wí. "Èyí tó kù, inú ilé ni. Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá."

"Ó ti rẹ èmi náà. Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká wọlé."

Oṣù tó tẹ̀lé e ni a ṣe ìdána, alùfáà tiwọn súre, pásítọ̀ tiwa súre. Lójú tèmi, àárọ̀ yẹn ni Lágúnjú ti gbé ìyàwó.